Ẹ Wo Ẹ́ńjìnì Sàn Kí Ẹ Tó Fi Kún Tọ́bò

Ẹ̀bẹ̀ kan wà tí kì í ṣàjèjì létí àwọn mẹ́káníìkì tó ń ṣe ọkọ̀ Jámánì ní Abẹ́òkúta. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á wa Passat tàbí Audi A4 rẹ̀ wọ ọgbà, á kí ọ̀gá tán, á ní: "Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí kò fà mọ́. Tó bá dé òkè, ńṣe ló ń wọ́ rìn. Ẹ bá mi fi kún tọ́bò ẹ̀." Ọ̀gá mìíràn á kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè. Ọ̀gá mìíràn, sípánà ló máa kọ́kọ́ mú. Á fún nọ́ọ̀tì kan pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́bò, wọ́n á gbé ọkọ̀ jáde lọ dán an wò, ọkọ̀ á gbéra fìrì, inú oníbàárà á dùn, á sanwó. Kò ní pẹ́ kò ní jìnnà, ẹ́ńjìnì á nọ́ọ̀kì. Nígbà náà ni wọ́n á máa wí kiri pé ọkọ̀ tọ́bò kò ṣeé rà.

Ẹ̀bi kì í ṣe ti ọkọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tọrọ agbára kún agbára, agbára tí ilé-iṣẹ́ fún ọkọ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń jò dànù láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ohun tí wọ́n nílò ni kí a dá èyí tó sọnù padà. Ẹni tó bá fún nọ́ọ̀tì pọ̀ kó tó wá ibi tó ń jò, àìsàn ló ń fi aṣọ bò. Ẹni tó bá wo ọkọ̀ sàn tán, tó sì ṣì fẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀nà wà fún un, ọ̀nà náà sì ní ìwọ̀n.

Ohun tí tọ́bò ń ṣe

Alágbẹ̀dẹ tó ń fín iná pẹ̀lú ẹwìrì mọ̀ pé èédú kan náà ló wà nínú iná, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i ló sọ ọ́ di iná tó lè rọ irin. Iṣẹ́ ẹwìrì ni tọ́bò ń ṣe fún ẹ́ńjìnì. Èéfín tó ń jáde lọ sínú sàlẹ́ńsà ló ń yí abẹ́bẹ̀ kan, abẹ́bẹ̀ yìí wà lórí ọ̀pá kan náà pẹ̀lú abẹ́bẹ̀ kejì, ìkejì yìí ló sì ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé, tó ń ki í mọ́ inú ẹ́ńjìnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á fi epo kún un, iná á le sí i, ọkọ̀ á sì fà. Ọ̀pá kékeré yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ọ́ìlì ló gbé e dúró, irin kò kan irin rárá.

Alfred Büchi, ará Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí ìmọ̀ yìí ní 1905. Inú ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ńlá tó ń lo dísẹ̀lì ló ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ṣe. Ní 1962, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé e sínú Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair. Lẹ́yìn náà ni BMW 2002 Turbo dé ní 1973, tí Saab sì fi 99 Turbo rẹ̀ sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn lè máa wà lọ síbi iṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1970. Tọ́bò kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò ti ń ṣiṣẹ́ láti 1960. Ẹni tó bá dúró ní Ìtóri tàbí Papaláńtò ní òwúrọ̀, tó gbọ́ bí tírélà tó ru sìmẹ́ńtì ṣe ń súfèé gun òkè, tọ́bò ló gbọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ti tírélà wé ti Passat. Ẹ́ńjìnì dísẹ̀lì máa ń fún afẹ́fẹ́ nìkan pọ̀, ó di ìgbẹ̀yìn kó tó tú epo sí i. Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù tí a ń wí yìí ti po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí písítìn tó tẹ̀ wọ́n pọ̀. Bí ìtẹ̀pọ̀ náà bá le jù, tí ooru sì mú, epo yòókù á fúnra rẹ̀ gbiná láìdúró de iná púlọ́ọ̀gì. Ìró rẹ̀ á máa dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ bí ọkọ̀ bá ń gun òkè. Ìbúgbàmù yìí ló ń jẹ orí písítìn, ló ń ṣẹ́ ríǹgì, ló sì ń fọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì. Ìdí nìyí tí awakọ̀ tírélà fi lè fi kún tiẹ̀ kí ó mú un jẹ, tí onítọ́bò bẹntiróòlù á ṣe irú rẹ̀, tí ẹ́ńjìnì á lọ.

Ta ló ń sọ pé ó tó?

Afẹ́fẹ́ àyíká wa tó ń tẹ ara wa ní Abẹ́òkúta jẹ́ nǹkan bíi bar kan, èyí tí í ṣe 14.7 nínú ìwọ̀n psi tí àwọn fọkanáísà ń lò. Ohun tí tọ́bò bá fi lé e ni à ń pè ní búùsìtì. Ẹ́ńjìnì 1.8 onítọ́bò tó wà nínú Audi A4, Passat àti Golf GTI láti àárín àwọn ọdún 1990 dé ìbẹ̀rẹ̀ 2000 máa ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú búùsìtì tó sún mọ́ ìdajì bar tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ilé-iṣẹ́. Ìyẹn kéré sí ìdá mẹ́ta ohun tí a ń fẹ́ sínú táyà, ó sì tó láti fún ẹ́ńjìnì kékeré náà ní agbára ẹṣin 150.

Ilẹ̀kùn kékeré kan tí wọ́n ń pè ní wéésìgéètì ló ń dá a dúró. Bí afẹ́fẹ́ bá dé ìwọ̀n, á ti agolo kékeré kan tó ní sípíríǹgì nínú, agolo á ti ọ̀pá, ọ̀pá á ṣí ilẹ̀kùn, èéfín á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láìyí abẹ́bẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ Volkswagen àti Audi yìí, kọ̀ǹpútà ń darí fáàfù kan tí wọ́n ń pè ní N75, èyí tó ń pinnu ìgbà tí afẹ́fẹ́ yóò dé ọ̀dọ̀ agolo náà. Ní àwọn ọkọ̀ tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, sípíríǹgì nìkan ni ọ̀gá.

Nítorí náà, ẹni tó bá fún nọ́ọ̀tì orí ọ̀pá pọ̀ ń sọ fún ilẹ̀kùn pé kó má tètè ṣí. Ẹni tó bá yọ họ́ọ̀sì tó lọ sí agolo, tàbí tó dí i, ti sọ fún un pé kó má ṣí mọ́ rárá. Kò sí ìwọ̀n mọ́ níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ti ìkejì yìí fún ọkọ̀ yín, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọkọ̀ tó ti dàgbà

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2000 ti lo ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ láyé. Púpọ̀ nínú wọn ti lo apá kan ayé wọn ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà kí wọ́n tó di tòkúnbọ̀, kí wọ́n tó gba Apápá tàbí Kútọnu dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2017 tí ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀, tí owó náírà náà sì ti já wálẹ̀, rírà òmíràn kò rọrùn mọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ ni ènìyàn ń tọ́jú. Ó sàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí ọjọ́ orí ti ṣe sí i.

Rọ́bà ló kọ́kọ́ ń kú. Ooru máa ń mú kí àwọn họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì gbẹ, kí wọ́n sì ya. Ọ̀rá inú fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ padà nígbà tí a bá ká ẹsẹ̀ nílẹ̀ máa ń fàya. Họ́ọ̀sì ńlá tó lọ sí intercooler, ohun tó ń mú kí afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ti tẹ̀ pọ̀ tutù, máa ń tú lẹ́nu. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá ń jò, kọ̀ǹpútà á rí i pé búùsìtì kò pé, á sì máa sọ fún tọ́bò pé kó ṣiṣẹ́ sí i. Tọ́bò á máa yí ju bó ṣe yẹ lọ láti fi rọ́pò èyí tó ń jò. Bí a bá wá tún fún nọ́ọ̀tì pọ̀ lórí ìyẹn, a ti ń lé ẹni tó ti rẹ̀ pé kó sáré.

Ọ́ìlì ni ìkejì. Ẹ́ńjìnì 1.8 yìí tó wà ní ìnàró nínú Passat àti A4 ní àléébù kan tí gbogbo ayé mọ̀: ọ́ìlì rẹ̀ kò pọ̀, ooru tọ́bò sì máa ń sè é títí yóò fi ki bí ẹrẹ̀, tí yóò dí sẹ́ẹ́ tó ń fa ọ́ìlì sókè. Ní 2004, Volkswagen fúnra rẹ̀ fa ìdánilójú rẹ̀ gùn fún àwọn oní-Passat ní Amẹ́ríkà nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ tó bá ti gbé ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú rìn fún ọdún mẹ́wàá ní ìlú wa yóò ní ẹrẹ̀ yìí lábẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ búùsìtì, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ páànù ọ́ìlì kalẹ̀, kí wọ́n fọ sẹ́ẹ́, kí wọ́n da ọ́ìlì gidi tí ìwé ọkọ̀ béèrè fún sí i. Ọ́ìlì ayédèrú pọ̀ lọ́jà, nítorí náà ilé ìtajà tó lè dúró lẹ́yìn ọjà rẹ̀ ni kí ẹ ti rà á.

Eruku ọyẹ́ ni ìkẹta. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, fíltà afẹ́fẹ́ máa ń kún kíákíá ní ojú ọ̀nà Ọ̀dẹ́dá àti Ayétòrò tí ọ̀nà eléruku pọ̀ sí. Fíltà tó dí ń pa tọ́bò lẹ́nu. Ẹni tó bá yọ ọ́ jù sọ́nù pátápátá kí ọkọ̀ lè máa súfèé ń fi iyanrìn bọ́ abẹ́bẹ̀ tó ń yí ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú.

Nọ́ńbà 91 méjì

Ẹ wo inú ìdérí ibi tí a ń bu epo sí lára ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá. Ẹ ó rí nọ́ńbà 91 níbẹ̀. Bẹntiróòlù tí òfin Nàìjíríà béèrè fún náà jẹ́ 91. Ọ̀pọ̀ á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí, nítorí òṣùwọ̀n méjì ni. Amẹ́ríkà ń kó àbájáde àyẹ̀wò méjì pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì. Àwa ń lo ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní RON, bẹ́ẹ̀ náà ni Yúróòpù. 91 ti Amẹ́ríkà tó nǹkan bíi 95 nínú òṣùwọ̀n wa. 91 tiwa kò ju nǹkan bíi 87 tiwọn lọ. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga tó ni epo ṣe ń farada ìtẹ̀pọ̀ tó láìgbiná fúnra rẹ̀.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkọ̀ yín, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án, ti ń mu epo tó rẹlẹ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe é fún. Ó ń yè é nítorí pé ó ní ẹ̀rọ agbọ́ròó tó ń gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀ kí etí wa tó gbọ́ ọ, tí kọ̀ǹpútà á sì fi iná púlọ́ọ̀gì falẹ̀ díẹ̀. Ó ti lo apá kan ààbò rẹ̀ tán kí ẹ tó dé ọgbà mẹ́káníìkì. Fáìlì àtúntò kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ ní Yúróòpù fún epo 98 lè pa ẹ́ńjìnì níbí, bó ti wù kí ẹni tó kọ ọ́ gbọ́n tó. Ní oṣù Kejì 2022, àjọ NMDPRA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo kéde pé bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ ti wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó bá ti na búùsìtì rẹ̀ dé góńgó kò ní àyè kankan fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ooru náà ń gba tiẹ̀

Afẹ́fẹ́ tí a bá tẹ̀ pọ̀ a máa gbóná. Bí afẹ́fẹ́ Abẹ́òkúta bá wà ní 35°C ní ọ̀sán oṣù Kẹta, tí tọ́bò tí ara rẹ̀ le sì tẹ̀ ẹ́ dé 0.6 bar, ìṣirò fi hàn pé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100°C kó tó dé intercooler. Ní bar kan, yóò kọjá 130°C. Tọ́bò kékeré K03 tó wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí kò ní ìmí tó pọ̀: bí a bá tì í kọjá bar kan, ooru ló ń ṣe ju afẹ́fẹ́ lọ, agbára tí a sì ń wá kò ní pọ̀ sí i. Ẹ wá rò ó pé ọkọ̀ náà ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Pánṣẹ́kẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí intercooler kò rí afẹ́fẹ́, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gun òkè. Ìgbà yẹn gan-an ló léwu jù.

Bí a ṣe ń ṣe é

Àyẹ̀wò ló ṣáájú. Kí wọ́n so sikánà mọ́ ọn, kí wọ́n ka gbogbo kóòdù rẹ̀. P0299 ń sọ pé búùsìtì kò tó, èyí sì sábà máa ń jẹ́ ibi tó ń jò. P0234 ń sọ pé ó ti pọ̀ jù. Kí wọ́n fi èéfín dán ọ̀nà afẹ́fẹ́ wò láti rí ibi tó ya. Kí wọ́n wọn agbára ìtẹ̀pọ̀ sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: bí ọ̀kan bá fi ju ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù, ọ̀rọ̀ búùsìtì parí níbẹ̀, ẹ́ńjìnì ni kí a tún ṣe. Kí wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, fíltà epo àti kọ́ìlì tó bá ti ń ṣàárẹ̀, kí wọ́n sì rí i pé pọ́ọ̀ǹpù epo ṣì lágbára.

Ẹ wá gbé ọkọ̀ náà wà. Nígbà mìíràn ìwòsàn yìí nìkan ti tó, oníbàárà á sì gbàgbé pé òun tọrọ búùsìtì.

Bí ó bá ṣì fẹ́ díẹ̀ sí i, kí ó ra géèjì búùsìtì àti géèjì tó ń ka bí epo ṣe pò mọ́ afẹ́fẹ́. Ẹni tí kò ní géèjì méjèèjì yìí ń fi etí wọn ohun tí etí kò lè wọ̀n. Kí ó kọ iye tí ọkọ̀ ń ṣe kí a tó fọwọ́ kàn án sínú ìwé. Fún ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí, ọ̀nà tó dára ni kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ tò fún epo 91 tiwa, kí ó fi fáìlì ìpilẹ̀ṣẹ̀ pamọ́. Fífún nọ́ọ̀tì pọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà á jẹ́ kí ó rí ohun tí kò retí, á sì gé agbára kúrò lójijì, bóyá nígbà tí ẹ ń ya tírélà sílẹ̀. Fún ọkọ̀ tó ti pẹ́ tí kò ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀tì tàbí fáàfù ọwọ́ ni ọ̀nà.

Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá bar ni kí a máa fi kún un lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ènìyàn méjì ló ń dán an wò: ọ̀kan ń wakọ̀, ìkejì ń ka géèjì. Ojúmọmọ ni, kì í ṣe òru. Ọ̀nà tó tẹ́ tí èrò kò sí ni, a ó sì dáwọ́ dúró kí ọkọ̀ tó kan 100 kìlómítà ní wákàtí, èyí tí òfin gbà fún ọkọ̀ kékeré ní ọ̀nà márosẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà nílẹ̀ pátá, ìpò epo mọ́ afẹ́fẹ́ gbọdọ̀ wà ní nǹkan bíi afẹ́fẹ́ 12 sí epo 1. Bí ó bá ń lọ sí 13 tàbí 14, epo kò tó, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò kíá. Bí sikánà bá fi hàn pé kọ̀ǹpútà ń fa iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn ní sílíńdà léraléra, bí ìró kọ̀-kọ̀-kọ̀ bá wáyé, bí ooru omi bá ń gòkè, ẹ padà sí ìwọ̀n tó ṣáájú. Ibẹ̀ ni òpin tí ẹ́ńjìnì yín fúnra rẹ̀ yàn. Kò sí ìtìjú nínú pípadà.

Lẹ́yìn ìrìn líle, ẹ má pa ẹ́ńjìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó dúró fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ọ́ìlì lè kó ooru kúrò lára tọ́bò. Ẹni tó bá pa á nígbà tó pọ́n, ọ́ìlì tó kù lára ọ̀pá á jóná di èédú síbẹ̀.

Kí a lè dúró

Agbára tí a fi kún ọkọ̀ kò kan bíréèkì rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń yára sí i pẹ̀lú páàdì tó ti tẹ́ àti táyà tòkúnbọ̀ tó ti gbó, posí ni. Ẹ wo ara táyà yín, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn lẹ́tà DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti ń lọ sí ọdún mẹ́wàá, ẹ má fi owó búùsìtì ṣe búùsìtì, ẹ fi ra táyà.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dun ará Abẹ́òkúta ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ ìlú yìí ni Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí ní 1934. Nígbà tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀, ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kó ìdààmú bá a débi pé ó dìde láti ṣe nǹkan sí i, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti gbogbo orílẹ̀-èdè, sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó, láti Ìtóri gba Ifọ̀ dé Sango Ọ̀tà, kún fún ọkọ̀ sìmẹ́ńtì, ọ̀kadà, àwọn tó ń sọdá àti ihò. Kò sí búùsìtì kankan tó lè yọ wá nínú ewu rẹ̀.

Mo fẹ́ràn ọkọ̀ wọ̀nyí. Inú mi máa ń dùn bí ọkọ̀ tí àwọn Jámánì ti jù sílẹ̀ bá ń gun òkè Aṣẹ́rò láìmí hẹlẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin ọ̀gá mẹ́káníìkì pé nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin oní-Passat yẹn bá tún wá sọ pé kí ẹ fi kún un, ẹ bi í pé ìgbà wo ló pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn, ibo ló ti ń ra epo, ọdún wo ni wọ́n ṣe táyà rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kó fi ọkọ̀ sílẹ̀ títí di ọ̀la kí ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ń bínú, ẹ rán an létí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ gba owó àyẹ̀wò lọ́wọ́ rẹ̀ láìtijú, nítorí iṣẹ́ gidi ni, òun ló sì máa gba ẹ́ńjìnì rẹ̀ là.